Òkùnkùn Là Ń Tọ́jú: Ọ̀rọ̀ Nípa Gílóòbù Páńẹ́lì Bàálù Kékeré

Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń fi bàálù kékeré rẹ̀ fò lè lo ọdún pípẹ́ kó má rántí rárá pé iná wà nínú páńẹ́lì, ìyẹn pátákó iwájú awakọ̀ tí àwọn aago wà lára ẹ̀. Oòrùn ti ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Gílóòbù á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àfìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú bá a lókè lọ́jọ́ kan tó wá nawọ́ sí nọ́ọ̀bù iná, ó yí i, ó yí i dé òpin, aago eré (èyí tó ń ka bí bàálù ṣe ń yára tó) hàn, aago gíga (èyí tó ń ka bó ṣe ga sókè tó) hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó ń ka ooru ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wọlé sùn. Ibẹ̀ lariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá balẹ̀ tán, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún mẹkáníìkì ni pé iná òun ò mọ́lẹ̀ tó, kí wọ́n bá òun wá LED gidi, èyí tó máa tàn yòò.

Lójú tèmi, ẹ̀yìn lonítọ̀hún ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Kí iná páńẹ́lì mọ́lẹ̀ kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kéèyàn ka nọ́ńbà, kó sì fi òkùnkùn ìta sílẹ̀ bó ṣe wà, torí inú òkùnkùn yẹn ni òkè wà, inú ẹ̀ ni bàálù ẹlòmíì wà, inú ẹ̀ náà ni ránwè tá a fẹ́ balẹ̀ sí wà. Gbogbo wàhálà tó wà nídìí pípààrọ̀ gílóòbù kékeré yìí, ibẹ̀ ló máa ń já sí, téèyàn bá ti gbàgbé ẹ̀, á kàn máa ná owó ni.

Ẹ wò ó, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń bá wa ríran nínú ojú. Ọ̀kan ló ń rí àwọ̀ àti nǹkan wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ìkejì ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìkejì yìí kì í kánjú, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó jí tán, ìmọ́lẹ̀ líle kan ṣoṣo sì ti tó láti dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, gíláàsì iwájú bàálù ń bẹ níbẹ̀. Lálẹ́, tí inú bá mọ́lẹ̀ ju ìta lọ, gíláàsì yẹn á di díńgí, páńẹ́lì ara ẹ lo máa máa wò nínú ẹ̀ dípò ọ̀run. Mo ti jókòó nínú bàálù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná tuntun sí, tó rẹwà gan-an, èèyàn lè ya fọ́tò ẹ̀, àmọ́ tí mo bá wojú fèrèsé ọ̀tún, àwọn aago mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú páńẹ́lì ló ń wò mí padà.

Àwọn tó kọ òfin mọ èyí tipẹ́. Òfin tí Amẹ́ríkà fi ń yẹ bàálù kékeré wò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún un tò ní 2017, ní ẹsẹ̀ kan tó ń jẹ́ 23.1381 lórí iná aago. Ó ní iná náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo aago àti ohun tí a fi ń darí ọkọ̀ ṣeé kà kedere, ó ní ìtànṣán rẹ̀ tàbí èyí tó ta padà lára gíláàsì ò gbọdọ̀ wọ awakọ̀ lójú, ó ní kí àyè tàbí nǹkan ìdáàbòbò wà láàárín ibi tí iná mànàmáná ti ń kọjá àti ilé gílóòbù kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà jẹ́ kó bíríìjì. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kádìí ẹ̀ pé iná òrùlé inú bàálù kì í ṣe iná aago. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ó dájú pé ẹnì kan ti dán an wò rí kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀.

Kí gílóòbù tó gbòde, rédíọ́ọ̀mù (radium), èròjà tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, ni wọ́n fi ń kun ojú aago. Wọ́n á pò ó mọ́ zinc sulfide, èyí tó máa ń tàn tí ìtànṣán yẹn bá kàn án, ó ń tàn fúnra ẹ̀, kò fẹ́ wáyà, kò fẹ́ bátìrì. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú aago wọ̀nyẹn ní Orange ní New Jersey àti ní Ottawa ní Illinois, l'Amẹ́ríkà, fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣàìsàn, àwọn kan kú. Ìdí tí mo fi mú un wọ inú ọ̀rọ̀ gílóòbù ni pé àwọn aago wọ̀nyẹn ṣì wà nínú bàálù àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń rà láti tún ṣe. Zinc sulfide yẹn á ti gbó, kò ní tàn mọ́, ẹni tó bá rí i á rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ rédíọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ máa ń lo nǹkan bí ọdún 1600 kó tó dín kù sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá rí aago àtijọ́ tí ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ nípọn, tó ń ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú gíláàsì ẹ̀, ẹ má fi nǹkan kankan ha á, ẹ kó o fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni iná pupa dé, ogun àgbáyé kejì ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ dára: sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran lókùnkùn ò fi bẹ́ẹ̀ rí pupa tó jinlẹ̀, torí náà èèyàn lè ka aago kí sẹ́ẹ̀lì yẹn má tíì mọ̀ pé iná ń tàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bàálù kékeré Cessna àtijọ́ ní iná pupa kan lókè orí awakọ̀ tó ń da ìmọ́lẹ̀ sórí gbogbo páńẹ́lì. Ó ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ lọ wo aago eré lábẹ́ ẹ̀. Funfun ló ń fi hàn eré tí a lè fi ju fùláàpù (abala ẹ̀yìn apá bàálù tó ṣeé rọ̀ sílẹ̀) sílẹ̀, àwọ̀ ewé fún eré gidi, yẹ́lò fún eré tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rọ̀ kéèyàn tó wọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà pupa tí a ò gbọdọ̀ kọjá láyé. Lábẹ́ iná pupa, funfun àti yẹ́lò á di ọ̀kan náà, ìlà pupa náà á sì dà bíi wọn, kò ní yàtọ̀ mọ́. Àmì ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú aago yẹn ni iná yìí ń gbé mì. Àwọn àmì pupa inú máàpù náà á bá a lọ. Ojú àgbà tún máa ń tiraka kó tó gbé àwòrán pupa dúró sójú kan, ẹni tó ti ń lo gíláàsì ìkàwé mọ nǹkan tí mò ń wí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé funfun tí a dín kù gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn padà sí. Tèmi nìyẹn náà: funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kọ̀ọ̀kan, kí pupa òkè yẹn wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìyókù bá kú.

Ẹ jẹ́ ká wọ abẹ́ páńẹ́lì wàyí.

Oríṣiríṣi ni iná yìí. Ti àwọn aago kan wà nínú aago fúnra ẹ̀, tíyẹn bá kú, ó di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tú aago, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn kan dà bí òrùka lójú aago. Èyí tó pọ̀ jù, tí ọwọ́ lè dé, ni àwọn post light, òpó kékeré tí wọ́n dè mọ́ páńẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, tó ní fìlà lórí, ihò tóóró sì wà lára fìlà yẹn tó ń da ìmọ́lẹ̀ sápá kan. Inú òpó yẹn ni gílóòbù wà, gíláàsì rẹ̀ ò tó mìlímítà 6 ní ìbú.

Nọ́ńbà ara gílóòbù yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bá ṣọ̀rẹ́. Méjì ló wọ́pọ̀, 330 àti 327, ìbejì ni wọ́n, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀. 330 jẹ́ ti volt 14, ó ń mu amp 0.08. 327 jẹ́ ti volt 28, ó ń mu amp 0.04. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ wọn, watt 1.12 ni méjèèjì, agbára kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e wá ló yàtọ̀. Téèyàn bá fi 330 sínú bàálù volt 28, á mọ́lẹ̀ fírí bíi kó gba ẹ̀bùn, á sì kú. Tó bá fi 327 sínú volt 14, á máa pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á máa wá ibi tí wáyà ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì le díẹ̀ torí pé bàálù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀: ìgbà tí ọdún 1970 sí 1979 ń parí lọ ni iléeṣẹ́ Cessna kó bàálù 172 wọn kúrò ní volt 14 lọ sí 28, torí náà "bíi ti bàálù lágbájá" kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé bàálù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò.

Kí ló ń pa wọ́n? Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, àmọ́ títàn wọn gan-an ló ń pa wọ́n jù. Wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù tó bá ṣì tutù ò fi bẹ́ẹ̀ dí iná lọ́nà, nígbà tí iná bá kọ́kọ́ wọlé, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó máa ń mu tó bá ti gbóná. Torí náà, yí nọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó o tó tan súìṣì, kó o wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Tí volt tó ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ẹ̀mí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó sì máa dín kù ò tó nǹkan tí ojú máa bínú sí. Ẹni tó ń fi iná rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ torí ojú rẹ̀ ti bá gílóòbù rẹ̀ ṣe oore láìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí súìṣì àgbà wà ní pípa, kí wọ́n tú bátìrì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní gílóòbù lásánlàsàn ni, kí la fẹ́ tú bátìrì sí. Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ara òpó yẹn ló jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, àárín ni iná ti ń wọlé. Àyè tó wà láàárín méjèèjì ò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń fi irin yọ gílóòbù nígbà tí iná wà lára ẹ̀, tó bá yẹ̀ báyìí, ó ti bíríìjì nìyẹn, tó bá sì jẹ́ pé tíránsísítọ̀ ni wọ́n fi ń dín iná yẹn kù, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ Cessna, tíránsísítọ̀ lè jó kí bíréékà tó rántí àtijá. Gílóòbù kan ló kú tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlà ti kú báyìí.

Ìka ọwọ́ ò lè mú gílóòbù yẹn jáde. Ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni túùbù rọ́bà kékeré kan, èyí tó fún mọ́ orí gíláàsì ẹ̀ dáadáa, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ fà á jáde, ẹ fi òun náà ti tuntun wọlé. Kò ní ya gíláàsì, kò ní bíríìjì nǹkan kan, kò sì ní jẹ́ kó já bọ́. Ọ̀rọ̀ jíjábọ́ yìí ni mi ò fi ń ṣeré. Ẹ̀yìn páńẹ́lì kì í ṣe ibi òfìfo. Ọ̀pá tó so mọ́ ọwọ́ ìdarí ń kọjá níbẹ̀, wáyà irin tó ń fa apá àti ìrù ń kọjá lábẹ́ ẹ̀. Gílóòbù tàbí síkúrù tó bá ré síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ rí i kí bàálù yẹn tó gbéra, kò sí "á jáde tó bá yá". Mo ti rí mẹkáníìkì tó kó gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ torí síkúrù kan, tó ní bàálù ò ní kúrò ní háńgà, ilé tí wọ́n ń gbé e sí. Olówó ọkọ̀ ń binú, bàbá ò dá a lóhùn, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá síkúrù ẹ̀ lọ.

Àwọn túùbù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá aago eré àti aago gíga náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe ibi ìgbọ́wọ́lé. Tí ọ̀kan bá tú tàbí tó ń jò, aago gíga á máa parọ́ fúnni pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, títún un dè sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ gílóòbù pátápátá. Páńẹ́lì oníke tó bo iwájú nínú àwọn bàálù tó ti dàgbà náà máa ń sán lójú ihò síkúrù, ẹ má fún un pa. Wáyà àtijọ́, tí ara ẹ̀ bá ti gan tó ń ya nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún mẹkáníìkì lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi téèpù bò ó.

Kọ́ḿpáàsì ló ń fún mi láyọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, torí òun nìkan ni gílóòbù lè sọ di òpùrọ́. Tí iná mànàmáná bá ti ń kọjá nínú wáyà, ó ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yíká wáyà yẹn, kọ́ḿpáàsì ò sì mọ̀ bóyá ayé ló ń fà á tàbí wáyà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń lọ́ wáyà méjèèjì tó ń lọ síbẹ̀ mọ́ra, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, kí agbára ọ̀kan pa ti èkejì rẹ́. Ẹni tó bá tún un ṣe tó wá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Síkúrù tó sún mọ́ ọn náà, idẹ ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe irin. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ka kọ́ḿpáàsì nígbà tí iná wà ní pípa, ẹ tan án, ẹ tún un kà. Tí nọ́ńbà bá sún, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ LED wá. Mi ò lòdì sí i o. Kì í gbóná, gbígbọ̀n ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, iná tó ń mu kéré gan-an. Ẹ rò ó wò, gílóòbù 330 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á mu amp 1.2, lálẹ́ tí alternator bá kú tó jẹ́ bátìrì nìkan ló kù fún rédíò àti iná ìta, amp kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ ẹni tó ń tà á máa ń fi bó ṣe ń tàn hàn yín nígbà tí nọ́ọ̀bù wà lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó yí i sí. Gílóòbù àtijọ́ máa ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ títí á fi di pupa. LED tí kò ní nǹkan kan tó ń darí ẹ̀ ju rẹsísítọ̀ (ohun tó kàn ń dí iná lọ́nà) lọ lè máa mọ́lẹ̀ títí, kó sì kú lójijì tí volt bá kọjá ibì kan. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò ní kú rárá, torí dímà àtijọ́ (ohun tí nọ́ọ̀bù fi ń dín iná kù) ṣì ń jò iná díẹ̀ gbà á kọjá, ìwọ̀nba tí gílóòbù ò ní kà sí. Apá ibi tí iná gbà wọlé tún ṣe pàtàkì fún LED, gílóòbù ò mọ yẹn. Tó bá sì jẹ́ pé dímà tuntun tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá ni wọ́n fi ń dín in kù, ẹ tan rédíò, ẹ ṣí squelch ẹ̀ (ohun tó ń pa ariwo rédíò mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀), ẹ yí nọ́ọ̀bù láti ìsàlẹ̀ dé òkè kẹ́ ẹ máa gbọ́ bóyá ó ń han.

Lórí ìwé, òfin ibi tí bàálù yẹn ti gba nọ́ńbà ló máa sọ ẹni tó lè ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, àkójọ iṣẹ́ kéékèèké tí awakọ̀ tó ni bàálù lè ṣe fúnra ẹ̀ dárúkọ gílóòbù iná tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn àti iná ìbalẹ̀, kò dárúkọ ti páńẹ́lì. Ẹ bi mẹkáníìkì tó máa buwọ́ lù ú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. LED tí kò ní ìwé àṣẹ fún bàálù yẹn, bó ti wù kó dára tó, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì parí, kí ó wọ lọ́ọ̀gìbúùkù, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bàálù yẹn.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ dúró de alẹ́, ẹ pa iná háńgà, ẹ jókòó sórí ìjókòó bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó tẹ́ ẹ bá ń fò, ẹ má dìde fún ìgbà díẹ̀ kí ojú lè mọ́ òkùnkùn lára. Ẹ wá máa yí iná sílẹ̀ títí nọ́ńbà á fi fẹ́ pòórá, ẹ gbé e sókè kín-ín. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí òótọ́. Aago kan á máa tàn ju ìyókù lọ, òun lẹ̀ ń bá jà, torí tẹ́ ẹ bá dín in kù kó má baà wọ yín lójú, àwọn tó kù á wọ òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ìlà kan pọ̀, kàkà kó jẹ́ èyí tó kú nìkan: gíláàsì àwọn àtijọ́ ti dúdú nínú, ọ̀kan tuntun láàárín wọn á máa pariwo. Ẹ yí fìlà wọn kí ihò wọn má kọjú sí yín. Ẹ wo fèrèsé òsì, ẹ wo ọ̀tún. Ẹ sì rántí pé bátìrì nìkan lẹ̀ ń lò, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, volt 12 á di 14, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sì lè fi bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i, torí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ nọ́ọ̀bù.

Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mẹkáníìkì kan nígbà kan, mo ní, "Bàbá, nínú gílóòbù méjèèjì yìí, èwo lẹ rò pé ó mọ́lẹ̀ jù?" Ó ní, "Kí lo fẹ́ lọ wò lókè, ṣé aago ni àbí ọ̀nà?" Ó bá mú èyí tó ṣú jù, ó fi í síbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú báyìí ni pé lẹ́yìn gbogbo èyí, tí iná ti gún régé, tí kọ́ḿpáàsì ò parọ́, ẹnì kan á wọlé, á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá mọ́ àárín ọwọ́ ìdarí, ojú ẹ̀ funfun báláú, á ní máàpù lòun ń wò. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di dúdú fún alẹ́ o. Ó wà nínú sẹ́tíńgì ẹ̀, ilẹ̀ lẹ ti máa wá a.